Ka Òní Mọ́ Ọn

Ọjọ́ Ajé, 10 oṣù Kẹfà 2024. Àkúrẹ́

Ọ̀sẹ̀ méjìlá ló kù. Mi ò ka òní mọ́ ọn, torí òní ti bàjẹ́.

Mo pẹ́ dé kíláàsì. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo kọjá ilé náà kí n tó mọ̀ pé òkè ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísì tó wà ní òpópónà Ọba Adésidà ni wọ́n ń sọ. Mẹ́tàlá ni wá. Ó jọ pé gbogbo wọn ti mọra kí n tó wọlé. Àga kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù wà lábẹ́ fáànù tí kò ṣiṣẹ́. Ọ̀gá Bọ́láwálé, olùkọ́ wa, ní kí kálukú dìde, kó sọ orúkọ rẹ̀ àti ohun tó wá kọ́. Nígbà tó kàn mí, mo ní, "Adéwùnmí, láti Ṣómólú," mo sì jókòó. Ó ní, "Kí lo wá kọ́?" Mo ní, "Áàpù." Wọ́n rẹ́rìn-ín, torí ohun tí gbogbo wa wá kọ́ nìyẹn.

Ó sọ òfin fún wa. Kí oṣù Kẹjọ tó parí, kálukú yóò fi áàpù kan hàn tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ogún èèyàn tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́, tí kì í sì í ṣe ẹbí, gbọ́dọ̀ ti lò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Lọ́jọ́ náà, òun yóò mú ẹnì kan nínú ogún náà, òun yóò pè é lórí fóònù níṣojú gbogbo ilé. Mẹ́ta péré nínú wa ni ilé-iṣẹ́ òun yóò gbà síṣẹ́.

Màámi ti sọ tirẹ̀ kí n tó wọkọ̀: bí wọn ò bá gbà mí, Bùọ̀dá Adélaní ń wá ẹni tí yóò jókòó sí kàńtà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ti fi àga pamọ́ dè mí.

Ogún èèyàn. Ní gbogbo Àkúrẹ́, ẹni méjì ni mo mọ̀, olùkọ́ àti onílé mi, mo sì ń san owó fún àwọn méjèèjì.

Ọjọ́rú, 12 oṣù Kẹfà

Yàrá mi ní Ìjọkà gba bẹ́ẹ̀dì kan àti tábìlì kan. Bí mo bá fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ti àga sẹ́yìn. Màmá Rufus, onílé mi, ti ṣe tíṣà fún ọdún márùndínlógójì kó tó fẹ̀yìn tì. Rufus wà ní Kánádà, ọkọ ti kú, ilé sì tóbi. Ó máa ń pe ilé ní "ulé", ó ń pe iṣẹ́ ní "uṣẹ́". Láàárọ̀ ó ní, "Uṣẹ́ rẹ ńkọ́?" Mo ní, "Ó ń lọ, mà." Irọ́ ni.

Tòmátì mẹ́rin, ẹgbẹ̀rún kan náírà. Mo wò ó, mo kí i, mo sì kọjá.

Ọjọ́bọ̀, 20 oṣù Kẹfà

Láti aago mẹ́sàn-án títí di aago méjìlá, ìlà pupa kan ṣoṣo lójú kọ̀ǹpútà mi. Ohun tí mo kọ kò ṣiṣẹ́, mi ò sì lè na ọwọ́ sókè kí n sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, Gbémiga, ọmọ Ìta-Ògbólú tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, ló yọjú wò ó.

"Ọmọ Èkó, ṣé àdúrà lò ń gbà sí i ni?"

Ó nawọ́ síbì kan. Àmì kékeré kan tó yẹ kó parí ìlà ni mo gbàgbé.

"Wákàtí mẹ́ta nítorí ohun tí kò tó ẹyin iná orí. Ẹnu ni wọ́n fi ń bèèrè o."

Mo ní, "Ẹ ṣé."

"Ta lò ń pè ní ẹ? Ọdún mẹ́tàlélógún ni mí."

Ọjọ́ Ajé, 24 oṣù Kẹfà

Òjò látàárọ̀. Kò síná. Mi ò kọ́ nǹkan kan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29 oṣù Kẹfà

Lónìí, lórí fóònù mi, ohun tí mo fi ọwọ́ mi kọ ṣiṣẹ́. Bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé kan ni. Bí o bá tẹ̀ ẹ́, ohùn mi á sọ pé, "Ẹ káàárọ̀." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo tẹ̀ ẹ́ tó ìgbà ogójì.

Mo gbé e lọ fún Màmá Rufus ní ilé ìdáná. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Fóònù ní, "Ẹ káàárọ̀." Màmá Rufus ní, "Káàárọ̀, ọmọ mi, ṣé o sùn dáadáa?" Ó wá dúró, ó ń retí èsì. Nígbà tí fóònù ò dáhùn, ó yíjú sí mi, ó ní, "Ìwọ dá mi lóhùn."

Mo ní mo sùn dáadáa. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí mo ti wà nílé yìí, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí a jọ jẹun.

Ọjọ́ Àìkú, 7 oṣù Keje. Oǹdó

Màmá Rufus ní kí n bá òun lọ kí ẹ̀gbọ́n òun ní Oǹdó, pé ìwé kì í sá. Ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀ ni ọkọ̀ báyìí. Awakọ̀ ń bú epo láti Àkúrẹ́ títí a fi dé.

Ìyá Lọ́lá ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n náà. Ó ti fẹ́ ọkọ sí Oǹdó láti ogójì ọdún, ó sì ń ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní ọjà oko kan tí wọ́n ń pè ní Ìdí-Àfọ̀n, lẹ́yìn Bọ́lọ́rundúró, ó ń tà á nínú ìlú. Ojú rẹ̀ méjèèjì ti fẹ́ẹ̀ bò. Ó fi ọwọ́ wá orí mi kó tó fi ọwọ́ kàn án, ó sì súre.

Ohun tí mo rí nìyí. Láti aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, fóònù kékeré tó wà láyà rẹ̀ ò dákẹ́. "Màmá, ìgbà wo lọjà?" Ẹlòmíràn tún pè: "Màmá, ṣé ọ̀la ni àbí ọ̀tunla?" Ọjà náà kì í dúró sí ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, bó bá bọ́ sí Àìkú lónìí, á bọ́ sí Ọjọ́bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn obìnrin náà mọ̀ ọ́n kà. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú ìsìnkú, ìpàdé ìjọ àti ọmọ tó ń gbóná, ọjọ́ a máa dà rú mọ́ wọn lọ́wọ́. Ìyá Lọ́lá kì í ṣì í. Òun ló ń kà fún gbogbo wọn.

Màmá Rufus ní, "Ta ni yóò máa dá wọn lóhùn bí ẹ bá wá ṣe iṣẹ́ abẹ ojú?"

Ìyá Lọ́lá ní, "Ohun tó ń dà mí láàmú nìyẹn. Ojú ò dùn mí tó o."

Nínú ọkọ̀ tí a bá padà, mo ń ya ojú fóònù sórí ìwé bísíkíìtì.

Ọjọ́rú, 10 oṣù Keje

Mo sọ ọ́ fún Ọ̀gá Bọ́láwálé. Ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ọjà, fóònù kálukú yóò fi ohùn Ìyá Lọ́lá pe ọjà, torí pé púpọ̀ nínú wọn kì í kàwé. Ó ní, "Ta ló rán ọ níṣẹ́ yìí?" Mo ní kò sẹ́ni. Ó ní, "Ṣe é."

Gbémiga ń ṣe tirẹ̀ fún àwọn tó ń gẹ irun. Ó ti ní oníbàárà méjìlá. Ó fi ọgbẹ́ kan hàn mí létí rẹ̀ tí ọ̀kan nínú wọn dá sí i. Ó ní owó iṣẹ́ nìyẹn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13 oṣù Keje. Oǹdó

Mo lọ gba ohùn Ìyá Lọ́lá sílẹ̀. Yàrá rẹ̀ kún fún obìnrin, wọ́n wá wo ọmọ tó fẹ́ fi Ìyá Lọ́lá sínú fóònù. Èdè Oǹdó ló fi sọ ọ́, mi ò lè kọ ọ́ bó ṣe dún, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé: "Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀la lọjà Ìdí-Àfọ̀n. Ẹ jẹun kí ẹ tó jáde." Mo ní kó yọ ti oúnjẹ kúrò kó lè kúrú. Ó ní òun kì í pe ọjà láìsọ pé kí wọ́n jẹun. Mo fi í sílẹ̀.

Mo bi í pé ọjọ́ mélòó mélòó ni wọ́n ń ná an.

"Ọjọ́ márùn-ún márùn-ún."

Ó ku nǹkan kan tí mo fẹ́ bèèrè, pé láti ọjọ́ wo sí ọjọ́ wo. Ṣùgbọ́n obìnrin kan tó sanra, Màmá Jíbọ́lá, ń fi ẹnu mi ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹ gbọ́ Yorùbá ará Èkó, bí ẹni tó ń jẹ súìtì." Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Mo kọ 5 sínú ìwé mi, mo fi ìlà sí abẹ́ rẹ̀, mo sì pa ìwé dé.

Ọjọ́bọ̀, 18 oṣù Keje

Ilé aṣerunlóge tó wà lẹ́bàá ọ̀nà ni mo ti ń ṣáàjì kọ̀ǹpútà. Igba náírà tẹ́lẹ̀, ó ti di ọ̀ọ́dúnrún. Mo kọ́ bí áàpù ṣe ń jí fúnra rẹ̀ ní aago mẹ́fà bí ẹnikẹ́ni ò tilẹ̀ ṣí i. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi kọ́ ọ. Nígbà tó jí, aṣerunlóge náà fò sókè, ó ní ta ló ní kí òun jẹun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 23 oṣù Keje. Oǹdó

Ogún obìnrin. Mo fi áàpù sórí fóònù wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ọwọ́ sí ọwọ́. Wọ́n ní ọ̀la lọjà, mo sì fi ọ̀la ṣe ìbẹ̀rẹ̀. Ní aago mẹ́fà, gbogbo fóònù sọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ilé Màmá Jíbọ́lá, ogún Ìyá Lọ́lá lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá Lọ́lá gan-an jókòó láàárín, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ní, "Ṣé bí mo ṣe máa ń pariwo nìyẹn?"

Mi ò ní gbàgbé.

Ọjọ́bọ̀, 25 oṣù Keje. Àkúrẹ́

Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Wọ́n di ojú ọ̀tún, ti òsì ò sì ríran. Ilé wa ní Ìjọkà ló ń sùn sí, nínú yàrá Rufus. Dókítà ní kò gbọdọ̀ tẹrí ba, kò gbọdọ̀ ronú. Màmá Rufus pa fóònù kékeré náà, ó tì í sínú dúrọ́ọ̀. "Wọ́n ti ní yín lórí ẹ̀rọ. Ẹ sinmi."

Ọjọ́ Àìkú, 28 oṣù Keje

Ní aago mẹ́fà, fóònù mi pe ọjà fún ọ̀la. Ìyá Lọ́lá ń sùn. Mo rò ó pé ogún obìnrin ní Oǹdó ń gbọ́ ọ lásìkò kan náà, inú mi sì dùn.

Ọjọ́ Ajé, 29 oṣù Keje

Aago mẹ́jọ àárọ̀ kọjá díẹ̀. Nọ́ńbà tí mi ò mọ̀.

"Ṣé ìwọ lọmọ fóònù?"

"Èmi ni, mà."

"Màmá Jíbọ́lá ni. Mo wà ní Ìdí-Àfọ̀n pẹ̀lú èèyàn mẹ́rìndínlógún. Ewúrẹ́ méjì ló ń ná ọjà níbí. Ṣé ká ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́ wọn?"

Mo sáré ṣí kọ̀ǹpútà mi.

"Àná lọjà. A wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, a ń pàtẹ́wọ́, ọkàn wa balẹ̀ pé fóònù ò tíì pè wá. Ọkọ̀ àwọn ará Èkó ti kó gbogbo ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ. Owó epo ti lọ, kí la máa tà títí ọjà mìíràn?" Ewúrẹ́ kan ké lẹ́yìn rẹ̀. "Bó bá jẹ́ ohùn tìrẹ ni, a ò ní lọ. Ohùn Ìyá Lọ́lá la gbọ́."

Ó pa fóònù.

Títí di ìrọ̀lẹ́, mẹ́rìndínlógún ti yọ áàpù náà kúrò. Mo rí i lójú kọ̀ǹpútà bí wọ́n ṣe ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ku mẹ́rin. Ìyá Lọ́lá bi mí nídìí oúnjẹ pé báwo làwọn èèyàn òun. Mo ní wọ́n wà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 30 oṣù Keje

Kò sí ìlà pupa kankan nínú ohun tí mo kọ. Mo yẹ̀ ẹ́ wò látòkè délẹ̀. Gbémiga náà yẹ̀ ẹ́ wò. "Wọ́n ní ọjọ́ márùn-ún, o kọ márùn-ún. Àwọn obìnrin yẹn ni ò mọ̀ ọ́n kà."

Ọ̀gá Bọ́láwálé ò tilẹ̀ wo kọ̀ǹpútà. "Lọ bá ẹni tó sọ ọ́ fún ọ."

Òun gan-an ni mi ò fẹ́ bá.

Ọjọ́rú, 31 oṣù Keje

Mo sọ fún un. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì Rufus, aṣọ funfun lójú rẹ̀, mo sì kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀, títí dórí ewúrẹ́. Ó na ọwọ́ sí mi.

"Mú ọwọ́ rẹ wá."

Mo rò pé ó fẹ́ gbá mi ni. Ó di àtàǹpàkò mi mú.

"Ọjọ́ wo lọjà?"

"Ọjọ́rú tó kọjá, mà."

"Òun rèé." Ó fọwọ́ kan ìka tó tẹ̀ lé e. "Ọjọ́bọ̀." Ó kan èyí tó gùn jù. "Ẹtì. Àbámẹ́ta." Ó dé orí ìka kékeré, ó dì í mú ṣinṣin. "Àìkú. Ọjà. Mélòó ni?"

"Márùn-ún."

"Ìwọ ńkọ́, báwo lo ṣe kà á?"

"Láti ọjọ́ kejì ọjà ni mo ti bẹ̀rẹ̀, mà. Mi ò ka ọjọ́ ọjà mọ́ ọn."

"Kí ló dé? Ṣé ọjọ́ ọjà kì í ṣe ọjọ́ ni?"

Ó mú ọwọ́ mi kejì, ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ lé orí ìka kékeré ti àkọ́kọ́. Ó ní ọjà tó parí ọwọ́ yìí náà ló bẹ̀rẹ̀ ìyẹn, pé bí ìyá òun ṣe kọ́ òun nìyẹn.

"O mọ̀ pé ó yẹ kí o tún bi mí."

"Mo mọ̀, mà. Ojú ń tì mí."

"Mo lè ní kí wọ́n mú fóònù mi wá, kí n pè wọ́n. Wọ́n á gbọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá pè wọ́n, èmi ni wọ́n máa dárí jì. Wọn ò ní tíì dárí jì ọ́."

Mo padà sí yàrá mi. Mo pa 5 rẹ́, mo kọ 4, torí láti ọjọ́ kejì ni ẹ̀rọ ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ìkà tirẹ̀. Ìṣẹ́jú kan péré ló gbà. Lẹ́yìn náà mo jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọjọ́bọ̀, 1 oṣù Kẹjọ

Òní lọjà, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò jáde. Wọ́n ní ìwọ́de wà káàkiri orílẹ̀-èdè. Gbogbo Ọba Adésidà tì pa. Kóńgò gààrí tí a rà lọ́jọ́ Ajé la ń mu.

Ọjọ́ Àìkú, 4 oṣù Kẹjọ. Oǹdó

Kò sí ọkọ̀ tààrà. Mo wọ ọkọ̀ mẹ́ta àti ọ̀kadà kan kí n tó dé. Àwọn obìnrin náà ń ṣèpàdé nílé Màmá Jíbọ́lá lẹ́yìn ìsìn, aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ṣì wà lára wọn. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ẹnì kan fi rí mi.

"Ọmọ fóònù ti dé. Ẹ so ewúrẹ́ yín mọ́lẹ̀."

Mo kúnlẹ̀. Mo ti kọ ohun tí mo fẹ́ sọ sínú ìwé, mi ò rántí ìkankan. Mo ní, "Kì í ṣe Ìyá Lọ́lá ló ṣì í. Èmi ni mo ṣì í kà. Ojú ló ń tì mí láti bèèrè, mo sì kó yín lọ sínú igbó. Ẹ jọ̀ọ́." Màmá Jíbọ́lá ní kí n tún un sọ, pé àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́. Mo tún un sọ.

Ó ní, "Báwo lo ṣe máa ń kà á báyìí?"

Mo na ọwọ́ sókè, mo kà á láti àtàǹpàkò dé ìka kékeré. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. "Ìyá Lọ́lá pátápátá nìyẹn."

Màmá Jíbọ́lá ò rẹ́rìn-ín. "Ọ̀la lọjà. O máa bá wa lọ. Ẹni tó ń pe èèyàn sí ibì kan yẹ kó mọ ibẹ̀." Ó wá wo bàtà mi. "Jíbọ́lá, wá bàtà òjò fún un."

Ọjọ́ Ajé, 5 oṣù Kẹjọ

A jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù. Lẹ́yìn Bọ́lọ́rundúró ọ̀nà di ẹrẹ̀, a sì sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó lè gòkè. Mo ru ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mi ò ru nǹkan rí láyé mi. Ìdì àkọ́kọ́ yọ̀ lórí mi, ó bọ́ sínú omi, Màmá Jíbọ́lá sì ní ará Èkó ti ń wẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún wa. Ìkẹrin ò bọ́.

Igi àfọ̀n kan ṣoṣo ló wà láàárín ọjà. Abẹ́ rẹ̀ nìkan ni fóònù ti ń ríran. Ẹni tó bá fẹ́ pè á lọ dúró síbẹ̀ bí ẹni ń gba ìbùkún; bó bá yẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ ti já. Ká ní mi ò wá ni, mi ò ní mọ̀ láé. Mo ti kọ áàpù mi bí ẹni pé gbogbo ayé ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Kí a tó kúrò, obìnrin mẹ́ta na fóònù wọn sí mi. Mo fi áàpù náà padà sórí wọn, ó di méje. Mo jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun. Apá ń ro mí, mi ò lè kọ jù báyìí lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 9 oṣù Kẹjọ. Àkúrẹ́

Wọ́n tú ojú Ìyá Lọ́lá. Ó wo ara ògiri, ó wo Màmá Rufus, ó ní, "O ti darúgbó." Ó wá wò mí.

"Ìwọ rèé? Ohùn rẹ kéré ju ojú rẹ lọ."

Ó ń lọ sí Oǹdó lọ́la. Ó bọ́ gèlè rẹ̀ kan fún mi. Yàrá Rufus yóò tún ṣófo.

Ọjọ́bọ̀, 15 oṣù Kẹjọ

Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kí a fi iṣẹ́ hàn. Ẹni tí kò bá sí lórí áàpù lónìí, kò lè pé ọ̀sẹ̀ méjì mọ́. Mo ṣí kọ̀ǹpútà: mẹ́tàdínlógún.

Màmá Jíbọ́lá wà nínú wọn. Mẹ́ta ò padà. Mo lè fi í sórí fóònù aṣerunlóge, àti ti Màmá Rufus, àti ti ẹni tó ń ta kẹ́mísì nísàlẹ̀. Gbémiga ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀. "Ta ló máa mọ̀?" Mo rò ó gan-an. Ṣùgbọ́n kí ni aṣerunlóge fẹ́ rà ní Ìdí-Àfọ̀n?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 24 oṣù Kẹjọ

Màámi pè. Bùọ̀dá Adélaní ti ń bèèrè. Mo ní kó ní kí wọ́n dúró di ọjọ́ Ẹtì. Ó ní, "Ṣé o ń jẹun?" Mo ní ẹnì kan ń rán mi létí ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún.

Ìlà epo gùn láti ilé epo dé ibi tí mo ti ń wọkọ̀. Mo fi ẹsẹ̀ rìn lọ, mo fi ẹsẹ̀ rìn bọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 29 oṣù Kẹjọ

Mo wé gèlè Ìyá Lọ́lá. Gbémiga ní mo jọ ìyàwó pásítọ̀.

Ó ṣe tirẹ̀ ṣáájú mi, méjìlélógójì ló ní, gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Ó kàn mí. Mo fi ohùn Ìyá Lọ́lá hàn. Ọ̀gá Bọ́láwálé ní, "Èèyàn mélòó?"

"Mẹ́tàdínlógún, sà."

"Ogún ni mo sọ."

"Mo ní ogún lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Keje, sà. Mo ṣì í kà, wọ́n sì lọ sọ́jà lọ́jọ́ tí kò sí ọjà." Mo na ọwọ́ mi, mo sì ṣàlàyé láti àtàǹpàkò. Mi ò rò pé mo tíì sọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ níwájú èèyàn rí.

Ó gba ìwé orúkọ lọ́wọ́ mi. Ó fi ìka sí orúkọ Màmá Jíbọ́lá, ó tẹ nọ́ńbà rẹ̀, ó sì ṣí ohùn rẹ̀ sókè kí gbogbo wa lè gbọ́. Ó dún títí. Ariwo ló kọ́kọ́ wọlé, ariwo èèyàn, ìwo ọkọ̀, ẹnì kan tó ń pe iye owó.

"Ta nìyẹn?"

"Olùkọ́ Adéwùnmí ni, mà."

"Adéwùnmí wo?"

Gbémiga sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ọmọ fóònù." Mi ò mọ̀ pé mo ti sọ fún un.

"Ọmọ fóònù ni, mà."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ẹ sọ̀rọ̀ kíá, abẹ́ àfọ̀n ni mo wà, mi ò gbọdọ̀ yẹsẹ̀."

"Kí lẹ ń ṣe níbẹ̀, mà?"

"Ọjà ni. Ṣé ẹ ò gbọ́ ni?"

Gbogbo wa gbọ́.

"Ṣé áàpù náà dára?"

"Ó ti mú wa lọ bá ewúrẹ́ rí." Ilé bú sẹ́rìn-ín. Mo tẹ orí mi ba.

"Kí ló dé tí ẹ ṣì ń lò ó?"

"Ẹni tó ṣì wá lọ́nà ló wá kúnlẹ̀. Àwọn tó sọ epo di ọ̀wọ́n, ta ni wọ́n tíì wá kúnlẹ̀ fún?" Ó bá ẹnì kan ná ọjà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó padà. "Ó bá wa ru ọ̀gẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú. Kò mọ̀ ọ́n rù, ṣùgbọ́n ó rù ú."

"Ó ní mẹ́tàdínlógún lẹ jẹ́, mà."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Àwọn mẹ́ta tó yọ ọ́ kúrò, àgbàlá mi ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ. Bó bá ti di aago mẹ́fà, wọ́n á ní àwọn wá yá odó. Agídí ni ò jẹ́ kí wọ́n fi í padà. Àwọn ló ń kó ẹrù sọ́kọ̀ lẹ́yìn mi yìí. Ẹ ka àwọn náà mọ́ ọn."

Ọ̀rọ̀ já. Bóyá ó yẹsẹ̀ ni.

Ọ̀gá Bọ́láwálé gbé fóònù sílẹ̀. Ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀, ó pa á rẹ́, ó tún un kọ. Ó ní, "Ẹni tó kàn."

Ọjọ́ Ẹtì, 30 oṣù Kẹjọ

Kò tíì sí ìròyìn. Mo di ẹrù mi lápá kan. Màmá Rufus rí i, ó gbé àpótí náà padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 31 oṣù Kẹjọ

Ìkéde wọlé lórí fóònù ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Mẹ́ta: Gbémiga, ọmọkùnrin kan tí a ń pè ní Ìmọ́lẹ̀ayọ̀, àti èmi. Oṣù mẹ́fà lákọ̀ọ́kọ́. Ọ̀gá Bọ́láwálé fi ìlà kan sí ìsàlẹ̀ tèmi: "Ogún pé."

Mo pe Màámi. Ó sunkún díẹ̀, ó ní òun á sọ fún Bùọ̀dá Adélaní kó jókòó sórí àga rẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo pe Ìyá Lọ́lá. Ó ní òun ti gbọ́ lẹ́nu Màmá Jíbọ́lá, tí èmi ò sì tíì sọ fún. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ọjọ́ Àìkú, 1 oṣù Kẹsàn-án

Ọ̀la ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Màmá Rufus ń lọ aṣọ mi, ó ní òun ò gbà kí ẹ̀rọ lọ́ọ̀ǹdìrì fọwọ́ kàn án. Iná wà. A se ìrẹsì.

Ní aago mẹ́fà, lórí tábìlì láàárín àwo méjì, Ìyá Lọ́lá ní ọ̀la lọjà Ìdí-Àfọ̀n, kí a jẹun kí a tó jáde. Màmá Rufus dá a lóhùn bó ṣe máa ń ṣe.

Mo kà á sórí ọwọ́ mi lábẹ́ tábìlì: Ọjọ́bọ̀, Ẹtì, Àbámẹ́ta, Àìkú, Ajé. Ó pé.

Oṣù mẹ́fà ní Àkúrẹ́. Mo ka òní mọ́ ọn.